Kẹ̀kẹ́ Òwú

Ṣómólú, òru, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.
Mo tún ṣí ikùn kọ̀ǹpútà mi.
Omi ń yí nínú rọ́bà, ó dúdú bí aró,
páńpù ń kùn bí ẹni tí a jẹ lówó oṣù.

Káàdì àwòrán tí mo fi owó ọdún kan rà
fi ìka kan gùn ju àpótí rẹ̀ lọ.
Mo fi ayùn gé irin,
ó wọlé. Mo ní ó parí.

Parí kẹ̀? Tí eré bá ti gbóná,
ojú rẹ̀ a ṣú biribiri, a dákẹ́ rọ́rọ́.
Mo bú NẸ́PÀ, mo bú omi, mo pààrọ̀ wáyà.
Ṣówándé ará Àkọkà ní kí n kúkú tà á.

Ìyá mi gbójú kúrò lórí máṣíìnì ìránṣọ,
ó tan tọ́ọ̀ṣì wò ó:
"Ìrù ẹ̀ ti wálẹ̀.
Ohun tó wúwo kì í fi èékánná so rọ̀."
Ó ki kẹ̀kẹ́ òwú bọ abẹ́ rẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá, kò tíì kú.
Mi ò sọ pé ó ti sàn.
Fọ́nrán òwú pupa kan
ń gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́ fáànù.