Ó-Kù-Díẹ̀

Ọkọ lọ, ọkọ̀ kù.
Bí Nélida Curín ṣe máa ń dá ẹni tó bá bi í lóhùn nìyẹn,
á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á gbé ìyókù mì.

Bọ́ọ̀sì búrẹ́dì ni tẹ́lẹ̀, òórùn ìyẹ̀fun ò tíì tán nínú rẹ̀.
Ó tú àga ẹ̀yìn dànù, ó fọ ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó wá lọ yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná ìyá rẹ̀ tó ti kú,
ó gbé e dábùú, ó kàn án mọ́ ara irin:
tábìlì dé.
Ihò kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára rẹ̀;
ibẹ̀ ló ń ki bírò bọ̀.

Àwo sólà méjì lórí òrùlé,
bátìrì ńlá lábẹ́ àga bí ajá tó ń sùn,
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó fi bẹ́líìtì ọkọ rẹ̀ so mọ́lẹ̀
(ó kéré tán, bẹ́líìtì ò bá a lọ).
Ife mátè kan. Aago méjì:
ọ̀kan ń ka wákàtí Madrid,
níbi tí àwọn tó ń ra irun àgùntàn ti ń jẹun ọ̀sán
nígbà tí òun tó ń ṣírò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ẹnu.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ọ̀nà ni Nélida wò: òkúta, ẹ̀gún, òkúta.
Ó sọ bọ́ọ̀sì náà ní Ó-Kù-Díẹ̀.

Ẹ̀fúùfù Patagonia kì í kan ilẹ̀kùn.
Lọ́jọ́ kejì tó ṣílẹ̀kùn báyìí,
ìwé owó oṣù mẹ́ta fò jáde
bí agbo àpárò tí ìbọn dún lé lórí.
Ó sáré tẹ̀ lé wọn nínú koríko gbígbẹ,
guanako mẹ́rin dúró, wọ́n ń wò ó
bí ẹní ń wo ìyàwó tuntun tó ṣìnà.
Látìgbà náà, òkúta lórí rìsíìtì,
òkúta lórí ìwé àdéhùn,
òkúta kékeré kan lórí fọ́tò
tí kò fẹ́ kó fò lọ, tí kò sì fẹ́ wò.

Íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?
Íńtánẹ́ẹ̀tì, orí òkè ló ń gbé.
Bọ́ọ̀sì á pọ́nkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ,
ìlà kan á yọ lórí fóònù, ìlà kejì á ronú.
"Ẹ ń gbọ́ mi?" "A ò gbọ́ ọ." "Báyìí ńkọ́?"
Ojú ọ̀gá á dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ gbàgà.
Nélida mọ eyín wúrà rẹ̀ ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan, yìnyín dí ọ̀nà.
Bàbá kan gun ẹṣin wá, Evaristo Nahuelpán,
ó fi ìdí pàṣán kan ara bọ́ọ̀sì.
"Ṣé ìjọba ni yín?"
"Rárá o, bàbá."
"Ṣùgbọ́n ẹ ní tábìlì."

Ó yọ ìwé kan láyà, ọ̀rá mẹ́rin ló fi wé e:
owó ìfẹ̀yìntì, ọdún mẹ́ta.
Ọ́fíìsì tó yẹ kó gbà á ti kó lọ sí ìlú mìíràn,
ti ìlú mìíràn ti kó lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì,
íńtánẹ́ẹ̀tì sì rèé, orí òkè ló ń gbé.

Nélida wo aago Madrid. Ìpàdé ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ó wo ọwọ́ bàbá, bó ṣe ń dán fún ọ̀rá irun àgùntàn.
Ó sún ìpàdé sẹ́yìn.
"Ẹ jókòó. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"
"Ọdún tí àgùntàn kú."
Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́.
Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé figbe ta, ẹṣin ta gìrì níta.
Ìwé gbígbóná bọ́ sọ́wọ́ bàbá,
ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí búrẹ́dì.
Ó ní àwọn méjì kan wà nísàlẹ̀ odò,
àwọn náà níwèé.
"Ṣé ó jìnnà?"
"Ó kù díẹ̀," ni bàbá wí,
ó sì nawọ́ síbi tí kò sí nǹkan kan.

Nélida ń ṣa òkúta sínú àpótí,
ọ̀kọ̀ọ̀kan.