Iṣẹ́ Alẹ́ ní Òkè-Àgbò

Agogo mẹ́fà ti lù. Mo ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.
Bí adìyẹ bá ti ń wọlé, tí wọ́n pa ẹ̀rọ ìlagi lọ́nà Ojówó,
tí mo gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórí, tí mo fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
Ọ̀nàyẹmí á ká orúnkún méjèèjì mọ́ ikùn,
á di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ tí kò tó awẹ́ obì kan,
ojú á pọ́n bí epo,
igbe á ta.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè?

A tú ìdí rẹ̀ wò: ó gbẹ.
A fi ọyàn sí i lẹ́nu: ó mu díẹ̀, ó tu ú, ó tún bú sẹ́kún.
A fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí: kò gbóná.
Nọ́ọ̀sì Ṣówándé gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní ọmọ ń sanra.
“Inú ló ń run ún. Kò kan ìwà yín.
Bó bá pé oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, á lọ.
Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu.
Bí ara bá gbóná, tàbí tó ń bì, ẹ gbé e wá kíá.”
Oṣù mẹ́ta! Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ “ọ̀la”.

Ará ilé ò kúkú ní dákẹ́.
Ọ̀kan ní ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá rẹ̀ jẹ ni, ata rẹ̀ pọ̀.
Ọ̀kan ní a gbé e kọjá oríta lọ́sàn-án gangan.
Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò gbọ́mọ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ rí,
ní mo ti kẹ́ ẹ bàjẹ́.
Mórẹ́nikẹ́ ò fèsì. Ó yọ ata lọ́bẹ̀.
Igbe ò mọ̀ pé a yọ ata.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, inú bí mi sí i.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí n má purọ́.
Ọwọ́ tó ń gbé pákó àpà lọ́sàn-án
ń gbọ̀n lára aṣọ òtútù rẹ̀.
Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo rora pa ìlẹ̀kùn dé,
mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé,
mo ka ìràwọ̀ dé ogójì.
Ẹkún ń gba ojú fèrèsé bọ̀. Ẹkún ò pa á.
Ìbínú tí mo gbé jáde, ibẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ sí.

Ìgbà tí mo padà wọlé ni mo tó wò ó:
kì í ṣe èmi ló ń bú.
Wọ́n fún un ní ìfun tuntun
tí kò tíì mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà.
Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀, tí kò lè nàka síbi tó ń dùn ún,
kí ni kó fi sọ ọ́?

Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá mi òsì,
orí rẹ̀ ní ìgúnpá, itan rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́,
bí ológbò tó sùn sórí ẹ̀ka àgbálùmọ̀.
Mo fi òróró àgbọn rọ ọwọ́ mi tó le, mo fi ra á lẹ́yìn.
Mo ń rìn, ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù, ìdí àmù dé ẹnu ọ̀nà.
Orin ò sí lẹ́nu mi. Ohùn tí mo mọ̀ ni mo ṣe,
ohùn ayùn ńlá bó ti ń wọ inú gẹdú:
hùùùn, hùùùùn, hùùùùùn,
láti ìsàlẹ̀ àyà.
Ó dá ẹkún dúró, ó fetí sí i.
Ó só, fììì, bí táyà kẹ̀kẹ́ tí ìṣó gún.
Mórẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà.
Ọmọ tún ké. A tún bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ àná, wákàtí méjì. Tòní, mi ò tíì mọ̀.
Mo ti fi bírò fa ọjọ́ méjìlélógún lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọ̀gá bi mí ìdí tí mo fi ń tòògbé nídìí pákó.
Mo ní mo ti gba iṣẹ́ alẹ́ mọ́ ọn.
Ó ní, “Èló ni wọ́n ń san?”
Mo ní èémí kan ni, èyí tó gùn,
tí ọmọ máa ń mí
kí oorun tó gbé e.