Ọkọ̀ Mélòó Ló Wọlé?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Wọ́n wo ilé títí, wọ́n tún wojú òkun,
torí inú òkun ni bàbá àgbà wà.
Oṣù kejì ọdún ni Torleiv àkọ́kọ́ lọ,
ìjì gbé ọkọ̀ mọ́kànlá kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.
Bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nìkan ló padà sí Hellvika.
Gunhild aya rẹ̀ gbé e sórí àjà,
kò sin ín, kò fi tọrẹ.
Ó ní, "Ẹni tó ni ín lè bèèrè rẹ̀."
Lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé méjì, a bí ọmọkùnrin nílé náà,
wọ́n fún un lórúkọ olóbàtà.

Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó lé níléèwé, èmi àti ọmọ yìí.
Òórùn ẹja ń bẹ lára rẹ̀, ó ń bẹ lára mi,
ta ni ì bá bú ta?
Bí a bá jáde ilé ìwé, ó di ìdí orí ẹja:
a ó gé ahọ́n rẹ̀ sínú korobá,
àwọn obìnrin yóò rà á lọ dín.
Ẹja fúnra rẹ̀ ń gbẹ lórí igi nínú atẹ́gùn,
ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílẹ̀ olóoru,
níbi tí wọ́n ti ń pè é ní panla.
Ọ̀bẹ Torleiv yá ju tèmi lọ.
Ẹni tó gé ahọ́n tà ní kékeré,
ahọ́n tirẹ̀ ló padà fi jẹun lágbà.

Eilif bàbá rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ láyé.
Iṣẹ́ iná ló gbà: ilé funfun gogoro lórí àpáta,
iná tí ń yíjú kiri lóru bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò tíì dé.
Ìwé ńlá kan wà níbẹ̀.
Òwúrọ̀: ọkọ̀ tó jáde. Ìrọ̀lẹ́: ọkọ̀ tó wọlé.
Inú ìwé yẹn ni Torleiv ti kọ́ ìyọkúrò.
Bí ó bá ku ọ̀kan, Eilif kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìbò mẹ́tàdínlógún ló fi borí dé ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀;
mo mọ̀, torí méje nínú wọn, ilé wa ló ti wá.
Ó dé Oslo, ó wọ ilé aṣòfin nínú súwẹ́tà tí ìyá rẹ̀ hun,
àwọn oníkóòtù rẹ́rìn-ín músẹ́.
Ẹ̀rín náà gbẹ lọ́jọ́ tó dìde sọ̀rọ̀ lórí rédíò inú ọkọ̀.
Kò pariwo. Orúkọ àwọn tó bómi lọ ló ń kà,
ó kà á títí wọ́n fi tan iná gbọ̀ngàn.
Òfin náà kọjá. Sverre ọmọ mi ń mí lónìí nítorí rẹ̀.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná, kí n tó sọ èyí.

Wọ́n fi í ṣe mínísítà. Ó jókòó ti ìwé ìṣirò.
Wọ́n ní èbúté kéékèèké ń jẹ owó, wọn ò mówó wá.
Ọkọ̀ mọ́kànlá ni ìjì gbé;
èbúté mọ́kànlá ni gègé Torleiv gbé.
Hellvika ni ìkeje. Kò ṣì í kọ.

Kérésì ọdún yẹn, ó wálé.
Ragnfrid ìyá rẹ̀ gbé ọ̀dùnkún síwájú rẹ̀,
ọ̀dùnkún lásán, iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.
"A ò rí ẹja rà," ìyá wí.
Mínísítà jẹ ẹ́ tán, ó fọ àwo, ó gun àjà lọ.
A ò mọ ohun tó ṣe níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, láti ìgbà náà,
ẹ wò ó dáadáa: bàtà kan wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Iná etíkun ń tan ara rẹ̀.
Òun nìkan ló ń gbé ilé funfun yẹn, òun àti ìwé bàbá rẹ̀.
Nírọ̀lẹ́ yóò rọra gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, ọ̀pá lọ́wọ́.
A kì í sọ ti èbúté.
"Ọkọ̀ mélòó ló jáde lónìí?"
"Méjì."
Yóò kọ ọ́.
"Mélòó ló wọlé?"
Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rí wọn, àwọn méjèèjì.
Ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ́ kó dúró díẹ̀
kí n tó dá a lóhùn.