Ìwé Tísà Ládépò

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú ni wọ́n gbé ìwé náà fún mi,
ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa tí ikán ti jẹ létí.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, "Ẹ wò ó, bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀."
Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn l'Ókè-Àdó,
mo ń ṣí i bí ẹni ń bó ẹyin.

Ọkùnrin kúkúrú, ó ń tiro díẹ̀.
Ìṣirò ló ń kọ́ wa láàárọ̀.
Tí agogo mẹ́rin bá lù, a ó ru eérú
láti ilé ìdáná kọ́lẹ́ẹ̀jì, a ó fi fa ìlà yí pápá ká.
"Ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ pin sí,
báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tó jáde?"

Bàtà mẹ́sàn-án péré ló wà fún àwa mọ́kànlá.
Èmi wọ ẹsẹ̀ òsì,
Súbúọlá wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Kiriketi ńkọ́? Ó gbé pákó afárá
tọ káfíńtà kan lọ ní Lábíràn:
"Gbẹ́ ẹ bí omorogùn, ṣùgbọ́n kó gùn dé ìbàdí."
Nígbà tí a gbé e kọjá lójú ọ̀nà,
àwọn ìyá wa bi wá pé ìkòkò ta ló tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Abẹ́òkúta na wá ní méje sí òdo.
Òjò ká wa mọ́ inú ọkọ̀ akẹ́rù kòkó,
ẹrẹ̀ gbé táyà mì ní Ọ̀mì-Àdìó.
Tísà ká ṣòkòtò sókè, ó bá wa tì í.
Lẹ́yìn náà ó bó ọsàn, ó pín in fún wa.
Kò bú wa.
Ìyẹn gan-an ló dùn wá jù.

Mo wá iye góòlù títí nínú ìwé yìí, n kò rí i.
Ọjọ́, òjò tàbí oòrùn, lẹ́yìn náà orúkọ:
*Súbúọlá: ó fa ọmọ tó gbá a ṣubú dìde.*
*Ọ̀ṣúnlékè: ó purọ́ pé inú ń run òun.*
Mo ṣí ojú ewé Abẹ́òkúta. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
*Aṣọ́lé: ó fò sósì, bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún.*
Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú tàdáwà mìíràn,
bí ẹni pé ó dìde lóru wá kọ ọ́:
*Lẹ́ẹ̀méjèèje ló fò.*

Ọmọ náà bèèrè bóyá mo ti rí orúkọ mi.
Mo ní kó bá mi bu omi wá.