Ojú Mẹ́ta Létí Omi

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìdájọ́mọ́, oṣù Ògún,
mo gbé àkàbà ti òpó létí Llyn Gwernant,
mo fi aṣọ rírọ̀ nu ojú ẹ̀rọ.
Alántakùn ti ta okùn rẹ̀ síbẹ̀ lóru,
àfi bí ẹni pé òun náà fẹ́ gbowó oṣù.

Ojú mẹ́ta ni ẹ̀rọ yìí ní.
Ọ̀kan ń wo oòrùn, kì í ṣẹ́jú.
Ọ̀kan ń wo sánmà.
Ẹ̀kẹta tẹríba, ó tẹjú mọ́ omi
bí ọmọ tí wọ́n bá wí tí kò fẹ́ sunkún.
A ò wọ odò, a ò bu omi sígò.
Èbúté la dúró sí tí a fi ń bi adágún pé:
ara rẹ ńkọ́?

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi nìyí:
omi a máa purọ́.
O rò pé omi lò ń wò,
sánmà ló ń wò ọ́ padà,
ìkùukùu, ẹyẹ tó ń kọjá,
òkè Wélsì tó dorí kodò.
Àfi ká yọ ọ̀run kúrò lára omi,
ká rọra ṣí i bí ìbòjú ìyàwó,
kí àwọ̀ tó bá ṣẹ́kù jẹ́ ti omi fúnra rẹ̀.

Emrys Prydderch tó ń fi ọkọ̀ háyà
kò gba ẹ̀rọ gbọ́.
Ó ní imú lòun fi ń mọ̀ ọ́n
láti ìgbà tóun ti ń wọ ṣòkòtò péńpé.
Ó ní, "Kọ́kọ́ pe orúkọ adágún yìí dáadáa ná."
Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
Mo ní kóun náà pe Gbọ́njúbọ́lá.
Ahọ́n rẹ̀ fẹsẹ̀ kọ.
A jọ dákẹ́.

Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi, l'Ẹ́dẹ.
Ìka kan nínú ìkòkò,
ìka kan náà lórí ahọ́n:
"Ó tó aṣọ í rẹ."
Èdè tó fún mi ní funfun, pupa, dúdú,
ó ní kí n máa fi ìyókù wé nǹkan:
ewé, eérú, ẹ̀jẹ̀, aró.
Ẹ̀rọ yìí ka ẹgbẹ̀ta àwọ̀ tó ń fara gbún ara wọn,
kò mọ orúkọ ọ̀kankan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilà orí kọ̀ǹpútà já sí kòtò.
Níbi tí ìmọ́lẹ̀ rúsúrúsú yẹ kó ti padà bọ̀,
nǹkan kan nínú omi ti gbé e mì,
ohun tó sì gbé e mì, aró ni àwọ̀ rẹ̀.
Lójú lásán, adágún mọ́ gaara.
Pẹ́pẹ́yẹ ń lọ. Àwọn ọmọ mẹ́ta ń bọ́ bàtà.
Mo pe ọ́fíìsì. Wọ́n ní ká dúró de èsì ìgò,
ọjọ́ mẹ́ta.

Mo gbé ilà náà lọ bá Emrys.
Ó fín omi, kò gbọ́ òórùn kankan.
Ó wo ilà, ó tún wò ó.
"Omi mọ́ báyìí náà lọ́jọ́ tí Mot lá a," ló wí.
Ajá rẹ̀ ni Mot.
Kò tíì di alẹ́ ọjọ́ náà tó fi gan.
Ó bá wọ́ ṣéènì sẹ́nu géètì, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan.
Àwọn ọmọ tún bàtà wọ̀, wọ́n ń bú u lábẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, adágún dì bí ọ̀dà tí wọ́n gbàgbé láti dé.
Imú Emrys gbọ́ ọ wàyí.
Ìgò náà ti sọ tẹnu rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bá mi lábẹ́ òpó.
"Lóru ńkọ́? Kí ló ń wò?"
Mo ní, "Kò rí nǹkan kan. Ó kàn dúró ni."
Ó mi kọ́kọ́rọ́ lápò.
"Bíi tèmi," ló sọ,
ó sì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.