Àpótí Kejìdínlógún

Ishbel ní kí n fọ ọwọ́, kí n nù ún gbẹ,
kí n tó ṣí àpótí kejìdínlógún.
Ìbọ̀wọ́ kò dára fún irú ìwé báyìí, ó ní,
ọwọ́ lásán ló ń mọ ibi tó ti rẹ ìwé.

Lóde, òjò Aberdeen ń rọ̀ sórí òkúta aláwọ̀ eérú,
ẹyẹ òkun ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.
Nínú yàrá yìí a kì í ṣí fèrèsé:
ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ àwọ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Mo ti ṣí mẹ́tàdínlógún. Ojú, ojú, ojú.
Òṣèré Japan tó yí ẹyinjú méjèèjì sí imú,
tó gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ejò.
Ọkùnrin tó di obìnrin,
ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn lékèélékèé,
ó fa ọwọ́ sínú aṣọ kí a má baà rí iṣan rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Ní Ìmẹ̀kọ, bàbá ìyá mi
a máa so ọmú igi mọ́ àyà nígbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́,
àwa ọmọ a gbàgbé pé ó ní irùngbọ̀n.

Wo irun ẹ̀bátí yìí, Ishbel ní.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú igi, pẹ̀lú ọ̀bẹ.
Ta ló gbẹ́ ẹ?
Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ti inú àpótí kejìdínlógún kò yíjú sí ẹnikẹ́ni.
Aṣọ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run tó ṣá,
ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀,
ó jókòó bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dé.
Ishbel ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀:
ọjọ́ tó kú, ọjọ́ orí rẹ̀,
orúkọ tuntun tí yóò máa jẹ́ lọ́hùn-ún.
"Òkú rẹ̀ kò tíì tutù tí wọ́n ti ń tà á ní títì.
Wọ́n kánjú débi pé wọ́n ṣi ọjọ́ orí rẹ̀ kọ."

Mo ní, a ní irú èyí.
Ó wò mí.
A ní irú èyí nílé, Ishbel. Pósítà òkú.
Lára ògiri, lára òpó iná, lẹ́yìn ọkọ̀ akérò.
Àbúrò mi Adéṣínà fi ti bàbá wa ránṣẹ́ sórí fóònù
nígbà tí ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba,
tí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́.
Mo fi ìka méjì fẹ ojú bàbá,
mo fẹ̀ ẹ́, mo fẹ̀ ẹ́, títí ó fi di hóró hóró.
Wọ́n kọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Irọ́ ni.
Ọdún eéṣú ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é,
eéṣú wo, kò sọ.
Òǹtẹ̀wé ló yan iye ọdún yẹn fún un
torí pé àyè kan ṣófo lórí ìwé.
N kò sunkún. Mo ní iṣẹ́ alẹ́.

Ishbel ti se táàṣì àlìkámà, ó ki bí ẹ̀kọ.
Kòkòrò ti lu ihò kan sí etí aṣọ òṣèré náà,
a ó fi ìwé tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ dí i.
Mo ń ronú nípa ẹni tó ra èyí,
tó kó owó oúnjẹ ọ̀sán lé e,
tó gbé e délé, tí kò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.
Òjò ti fọ bàbá mi kúrò lára ògiri Ìmẹ̀kọ.

Ó kan ìwé àkọsílẹ̀. Mo mú pẹ́ńsù.
Àpótí kejìdínlógún. Ìwé kan. Ihò kan.
Ọjọ́ orí ẹni inú àwòrán:
mo fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.