Wáyà Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Eku ti jẹ wáyà Pijó bàbá mi tán.
Lálèyẹ tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní, "Wò ó,
bí ìfun àgbò lọ́jọ́ iléyá."
Pupa ti ṣá, dúdú ti di eérú.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ló lò lábẹ́ igi àgbálùmọ̀
lẹ́yìnkùlé wa ní Kétu,
tí adìyẹ ń yé ẹyin sí ìjókòó rẹ̀.

Lálèyẹ fi tépù funfun sàmì sórí wáyà kọ̀ọ̀kan,
ó fi bírò kọ nọ́ńbà sí i.
Èmi ni mò ń tò wọ́n sórí pákó
bí wọ́n ṣe sùn nínú ọkọ̀:
ti iná iwájú, ti fèrè, ti ìyàgò,
mọ́kànlélógún.

Ẹyọ kan ṣẹ́kù.
Ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó gun ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn lọ sókè,
aṣọ ni wọ́n fi dì í níbi tó ti já.
"Èyí kì í ṣe ti àwọn Faransé o. Ṣé kí n gé e?"

Mo wo aṣọ náà. Etí ìró ìyá mi ni.

Alẹ́ ọjọ́ ọjà Pobẹ̀,
bàbá mi a tan gílóòbù kékeré kan lókè orí rẹ̀
kó lè ka owó gàrí rẹ̀ bí a ti ń bọ̀.
Ó máa ń ṣì í kà.
Bàbá mi a rọra wakọ̀
títí yóò fi pé.

"Má gé e. Fún un ní nọ́ńbà."

Lálèyẹ fi ọwọ́ wọn ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
"Mítà mẹ́rin ó lé. Owó tiẹ̀ ọ̀tọ̀ o."